Ahọ́n-ò-purọ́ àti Ife Kejìdínlógún

Ẹ má fi ife tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ bu bíà fún ọkọ mi. Á gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á fi hàn yín pé ìfófó orí rẹ̀ ti kú kó tó dé ọwọ́ òun, á wá rọra gbé ife náà sílẹ̀ bíi dókítà tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ burúkú fún ẹbí aláìsàn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó lọ sílé tuntun, ó gbé bíà ìgò kan tó ti ń tọ́jú tipẹ́ jáde fún un. Ọkọ mi gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọtí yìí ti pẹ́ jù nínú ooru. Ó ń rùn bíi páálí tí òjò pa." Níwájú àlejò, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nítorí tèmi, ṣùgbọ́n omi ló ń fún àna rẹ̀ mu títí dòní.

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn bíà àfọwọ́pọn ló sọ ọ́ ní Ahọ́n-ò-purọ́. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Bí wọ́n bá fi pè é lójú ọ̀nà, ńṣe ni ọrùn rẹ̀ á gùn sí i.

Iṣẹ́ tó ń bọ́ wa kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọtí. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé ni ọkọ mi ń tún ṣe, láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Á kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, á ṣí ikùn rẹ̀, á yọ ìwé tó há sínú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú dúdú á sì kún ihò imú rẹ̀. Bó bá di àárọ̀ Sátidé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń fi omi iyọ̀ fọ imú kó tó gbà pé òun lè tọ́ nǹkan kan wò. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, àwọn mọ́kànlá ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà ní ilé iṣẹ́ wọn. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti ku mẹ́ta, nítorí pé àwọn ọ́fíìsì kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ nǹkan sórí ìwé mọ́. Ọkọ mi ti pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, èmi náà mọ̀ ọ́n, a kàn jọ ń fẹnu pa á mọ́ ni.

Ibi tí iṣẹ́ gidi wà lójú tirẹ̀ ni ilé ìdáná mi. Ní gbogbo Sátidé méjì-méjì, á gbé ìkòkò ńlá tí mo kó bọ̀ láti ilé ìyá mi ka iná, á se ọkà báálì tí wọ́n ti mú kó hù tí wọ́n sì yan gbẹ, á da òdòdó kíkorò tí wọ́n ń pè ní hóòpù sí i, á mú un tutù, á fi ìwúkàrà sí i, á wá dé e mọ́nú kẹ́ẹ̀gì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó máa ń dúró ti kẹ́ẹ̀gì náà, etí rẹ̀ lára rẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń hó. Kò gbọ́ oyún ọmọ wa kan ṣoṣo dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Tèmi ni ìgò fífọ̀: ọgọ́ta ìgò, búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́rùn gígùn, omi gbígbóná, kò sí ọṣẹ, lẹ́yìn náà omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọdún mọ́kànlá. Ẹ bá mi ṣírò iye ìgò tó jẹ́. Èmi ò ní ṣe é, kó má baà bí mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ.

Èmi kì í ṣe ọ̀mu, ṣùgbọ́n mo lè jẹ́rìí sí bíà rẹ̀. Irú kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n pọn débi pé kò ní alábàádíje: bíà pupa rúsúrúsú kan tó mọ́ gaara, tó kọ́kọ́ máa ń dà bí ẹ̀yìn búrẹ́dì tó jóná díẹ̀, kí ìkorò tó tẹ̀ lé e, kó gbá ẹnu mọ́, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìkorò yẹn kì í jókòó síni lọ́fun bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Bí mo bá ti ṣe iṣẹ́ ilé tán tí mo mu ìlàjì ife, ara mi á balẹ̀. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Ohun tó ń bà á nínú jẹ́ ni àṣà tó ń yí padà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìkorò ni gbogbo wọn ń lé kiri. Ẹni tí ọtí rẹ̀ bá bó èèyàn láhọ́n jù ni ọ̀gá. Kò pẹ́, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ rú bí omi èso, kí èèyàn má lè rí ìka ara rẹ̀ lódìkejì ife. Lẹ́yìn ìyẹn, kíkan ló kù. Lẹ́yìn kíkan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da kọfí, ṣokoléètì, wàrà, títí kan bísíkíìtì, sínú bíà. Ọkọ mi a máa béèrè pé, "Ṣé ọtí ni àbí oúnjẹ ọmọ ọwọ́?" Ó kọ ọ́ sórí ìkànnì ẹgbẹ́ wọn lọ́jọ́ kan, ó gùn bí ìwàásù. Ẹnì kan fèsì pé, "Bàbá ẹlẹ́rọ, ẹ lọ ṣe ẹ̀dà ara yín." Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló tẹ àmì ẹ̀rín sí i. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fi hàn mí kí èmi náà lè rẹ́rìn-ín. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àtìgbà náà ni mo ti rí i tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ yí padà. Á ra agolo bíà eléso kan wálé pé òun fẹ́ bú u. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, á ra òmíràn, á ní, "Kò burú tó bí mo ṣe rò." Nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ yẹn: ìgboyà, ìdánwò, ọ̀nà tuntun. Mo wò ó, mo dákẹ́. Àgbàlagbà tó ń sáré tẹ̀ lé ohun tó ti ń gégùn-ún fún, ẹ̀rù ló ń bà á.

Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti fi í ṣe adájọ́ nínú ìdíje ọdọọdún wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: adájọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ló ń jókòó nídìí tábìlì kan. Wọ́n á bo gbogbo ìgò, nọ́ńbà nìkan ló máa wà lára ife. Àádọ́ta máàkì ni, fún àwọ̀, òórùn, adùn àti bó ṣe rí lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ títí gbogbo wọn á fi kọ máàkì tán, wọ́n á máa fi búrẹ́dì gbígbẹ àti omi fọ ẹnu láàárín ọtí kan sí èkejì. Bí ìdíje bá parí, ìwé tí adájọ́ kọ̀ọ̀kan kọ á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ọtí. Ọkọ mi fẹ́ràn ìbòmọ́lẹ̀ yẹn ju ohunkóhun lọ. Ó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé, "Ojú àti etí ló ń ba ọtí jẹ́. Bo ìgò mọ́lẹ̀, wàá mọ òótọ́. Ahọ́n kì í ṣojúsàájú."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ilé ìpọntí kékeré kan tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin kéde pé àwọn á pọn ọtí ẹni tó bá gba ipò kìíní, àwọn á sì gba ẹni náà síṣẹ́ nídìí ìkòkò àwọn fún ọdún kan gbáko. Mo kà á tán. Mo lọ bá a níbi tó ti ń fọ imú.

"Dádì, ẹ fi bíà tiyín díje."

"Adájọ́ kì í díje."

"Ẹ má ṣe adájọ́ lọ́dún yìí."

"Ta ló fẹ́ ṣe é? Télọ̀?" Aránṣọ kan nínú ẹgbẹ́ wọn ni Télọ̀, adájọ́ bíi tirẹ̀. Ó fi aṣọ nu imú. "Fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, jàre."

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Bó bá díje tó sì já, Ahọ́n-ò-purọ́ á di ọkùnrin kan lásán tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní dúró dè é títí ẹ̀rù á fi kúrò. Mo wá ṣe é fúnra mi.

Mo fi orúkọ tí mò ń jẹ́ nílé bàbá mi kún fọ́ọ̀mù. Mo kó ìgò mẹ́ta nínú bíà pupa tó pọn kẹ́yìn, mo sì purọ́ fún un pé wọ́n bẹ́. Ó ṣọ̀fọ̀ wọn gan-an, ó ní ìwúkàrà òun lágbára jù. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà, ẹ̀tàlélọ́gọ́ta. Ohun tó kù ni ìsọ̀rí tí màá fi í sí. Òfin wọn ni pé adájọ́ kò gbọ́dọ̀ tọ́ ohun tó ti ilé rẹ̀ wá wò, ìsọ̀rí àwọn bíà pupa kíkorò ni ọkọ mi sì máa ń jókòó sí lọ́dọọdún. Mo bá yẹra fún un. Mo fi í sí ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Tuntun, níbi tí èèyàn ti lè gbé ohunkóhun wá. Mo ní ohun tó dára kò ní pa mọ́ níbikíbi. Ọgbọ́n àgbọ́njù ni. Ẹni tó ń fọ ìgò kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì.

Láti Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdíje, mi ò gbọdọ̀ din àlùbọ́sà nínú ilé, mi ò gbọdọ̀ fi lọ́fínńdà. Láàárọ̀ Sátidé, mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ lọ. Aago mẹ́rin ọ̀sán ló dé, inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọ tó yege ìdánwò. Mo ṣí ìgò kan nínú bíà pupa náà fún un, èyí tó kù nínú àwọn tí mo ti yọ mẹ́ta, ó sì jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn.

"Màmá, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n bọ́ sí tábìlì míì. Adájọ́ kan kò wá. Ọ̀nà Tuntun ni wọ́n gbé mi lọ."

Àwo tí mo ń fọ̀ dúró sí mi lọ́wọ́.

"Èmi, Télọ̀, àti Tíṣà obìnrin yẹn. Ife mẹ́tàdínlógún, gbogbo wọn ló dùn, tí wọ́n rú, tí wọ́n ń ta sánsán. Mo gbádùn wọn o, mi ò ní purọ́. Ìgbà tí wọ́n wá gbé ìkejìdínlógún dé. Hẹ̀n! Ó korò bí ọ̀rọ̀ àna. Mo fún un ní mọ́kàndínlógún."

"Àwọn tó kù ń kọ́?"

"Àwọn èèyàn yẹn! Télọ̀ fún un ní mọ́kànlélógójì. Tíṣà fún un ní mọ́kàndínlógójì." Ó rẹ́rìn-ín. "Òfin sì ni pé máàkì wa kò gbọdọ̀ jìnnà síra ju méje lọ. Mo bá wọn sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Télọ̀ ní ọtí náà mọ́. Mo ní ṣé mímọ́ ni wọ́n ní ká wá wá? Mo ní ẹni tó pọn èyí ti sùn lọ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, kò tíì jí. Mo gbé tèmi gòkè díẹ̀, wọ́n gbé tiwọn wálẹ̀ dáadáa. Ó bọ́ sí méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó tán nìyẹn."

Ó gbé ife ọwọ́ rẹ̀, ó mu ún, ó dijú.

"Ọtí nìyí. Bí wọ́n bá gbé irú èyí síwájú mi lónìí, omi ì bá jáde lójú mi."

Mo bi í ní nọ́ńbà ọtí tó já. Ó ronú díẹ̀, ó ní ẹ̀tàlélọ́gọ́ta. Mo kọjú sí àwo mi, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dún. Ẹni tó gba ipò kìíní ni akọ̀wé báńkì kan tó fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti atalẹ̀ pọn tirẹ̀. Ọkọ mi ní obìnrin náà nígboyà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àpò ìwé náà dé, orúkọ mi lórí rẹ̀. Ìwé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Télọ̀ ti fa igi sí mọ́kànlélógójì, ó kọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá kọ sí ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ta ló pọn èyí? Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n." Ìkọ̀wé tó tẹ̀ sọ́tùn-ún lórí ìwé kejì, mo mọ̀ ọ́n; òun náà ni ọkọ mi fi kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí mi. Ó kà báyìí: "Ìkorò tí kò nídìí. Kò sí ìgboyà nínú rẹ̀. Ọwọ́ àgbà tó ti rẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ṣe é wá nǹkan mìíràn fi ọwọ́ ṣe." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó dùn mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n bú, torí pé èmi náà wà nínú ọtí náà. Mo tọ́jú ìwé yẹn sábẹ́ aṣọ mi, mo ní mi ò ní fi hàn án láéláé.

Ìlérí yẹn kò ju oṣù méjì lọ. Ilé iṣẹ́ wọn dá ọkọ mi àti ẹnì kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí ilé ìpọntí ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀, wọ́n á ti mọ orúkọ òun. Wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ọ̀gá wọn fún un ní àga, ó ní, "Bàbá, a bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì fi ọtí kan ṣoṣo hàn wá rí. Ọ̀rọ̀ yín nìkan la mọ̀."

Nígbà tó délé, kò lè jókòó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú pálọ̀.

"Ọ̀rọ̀ nìkan! Èmi! Ká ní mo fi bíà mi díje, ta ni ì bá wá gba ipò kìíní mọ́ mi lọ́wọ́? Ta ni?"

Ó yẹ kí n dákẹ́. Mo ti dákẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Mo wọ yàrá, mo mú àwọn ìwé náà jáde, mo nà wọ́n sí i.

Ó kà wọ́n ní ìdúró. Mo rí i tí ojú rẹ̀ dé ibi nọ́ńbà, tó tún padà sókè síbi orúkọ mi.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Bíà yín ni, Dádì. Ìgò mẹ́ta tí mo ní wọ́n bẹ́. Èmi ni mo fi wọ́n ránṣẹ́."

Ó jókòó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, igbe ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Ká ní mo mọ̀ pé tèmi ni, ṣé màá fún un ní mọ́kàndínlógún ni? Ǹ bá ti fún un ní márùndínláàádọ́ta!"

"Kí la wá ń bo ìgò sí?" Ohun tí mo bi í kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́, àwa méjèèjì jọ ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló wá yí i sí mi lọ́rùn. Ó ní ta ló ní kí n kó o sáàárín ọtí eléso. Ó ní ẹni tó bá lá oyin nígbà mẹ́tàdínlógún, kí ni kò ní korò lẹ́nu rẹ̀? Gbogbo adájọ́ ló mọ̀ pé ọtí kíkorò kì í tẹ̀ lé dídùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Télọ̀ àti Tíṣà náà lá oyin yẹn, ẹnu tiwọn kò sì ṣì í mú. Èyí tó wá ń pa mí lára jù ni pé ká ní mo fi ọtí náà síbi tó yẹ ẹ́, láàárín àwọn bíà pupa ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ní bá ọkọ mi pàdé rárá. Wọ́n ti gbé ọkọ mi kúrò níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé ọtí náà lọ bá a.

Wọ́n máa ń sọ pé bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó mọ èkù ara rẹ̀ bí ẹni mọ owó, tó wá gé e sọnù nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀bẹ àtijọ́, mi ò mọ òwe tí wọ́n ń pa fún ìyẹn. Inú ń bí mi sí i, inú sì ń bí mi sí ara mi.

Kò pọn ọtí mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó rí iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan, ó ń lẹ nọ́ńbà mọ́ páálí. Iṣẹ́ adájọ́ kò fi sílẹ̀. Ó ní ahọ́n òun kò ní àrùn kankan. Ṣùgbọ́n Tíṣà sọ fún mi pé ó máa ń dúró kí àwọn tó kù kọ tiwọn ná, kó tó wá kọ tirẹ̀ sáàárín.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Télọ̀ yà sọ́dọ̀ wa. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí. Ó fi aṣọ wé ìgò kan wá, ó bu díẹ̀ sínú ife fún ọkọ mi, ó ní, "Ahọ́n-ò-purọ́, ẹ bá mi wò ó." Ọkọ mi gbé ife sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó mu díẹ̀, ó fi yí ẹnu ká, ó gbé e mì. Èmi àti Télọ̀ ń wo ẹnu rẹ̀. Ó wo ife, ó wo aṣọ tí wọ́n fi wé ìgò.

"Ta ló pọn ọ́n?"

Télọ̀ ní, "Ẹ kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí fún mi ná, sà."

Ọkọ mi gbé ife náà sílẹ̀.

"Rárá. Sọ ẹni tó pọn ọ́n fún mi ná."